Àtọ̀gbẹ Kọjá Ọ̀rọ̀ Ṣúgà: Ẹ Wọn Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ Pẹ̀lú

Ẹ bi ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ní Ilé-Ifẹ̀ léèrè iye tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ láàárọ̀ yìí, yóò dá yín lóhùn kí ẹ tó dákẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gún ìka nílé. Àwọn tí kò ní in mọ kẹ́míìsì tí ń bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò ní Lágere tàbí Sábó. Ẹ wá bi ẹni kan náà léèrè iye ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ á pèsì jẹ. Ẹlòmíì ti ń gba oògùn ṣúgà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí ọjọ́ kan tí wọ́n wọn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìwé ìròyìn yìí gbà pé àléébù ńlá ni èyí nínú bí a ṣe ń tọ́jú àtọ̀gbẹ, àti pé kì í ṣe àléébù tó kọjá àtúnṣe bí àwọn tọ́rọ̀ kàn bá fẹ́.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín ṣúgà. Ṣúgà tó ga kọjá ààlà ṣì ń sọ èèyàn di ẹni tí wọ́n ń gbé dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn láìmọ ibi tó wà. Ó ń fọ́ ojú, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ṣùgbọ́n kárí ayé, ohun tó ń pa àwọn tó ní àtọ̀gbẹ irú kejì jù lọ ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, ìyẹn àrùn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dí. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gé nítorí egbò àtọ̀gbẹ náà, iṣan tó dí máa ń lọ́wọ́ sí i. Ní Ifẹ̀ níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Rosemary Ikem àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatope Kolawole ti kọ ìwádìí jáde láti 2002 lórí egbò ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ tó wá sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun sí àwọn onímọ̀ wa. Àwa ará ìlú àti àwọn tó ń ṣètò owó ìlera ni kò tíì yé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àtọ̀gbẹ jẹ́ àrùn àwọn olówó díẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkugbé ṣe alága rẹ̀ yẹ àwọn ọmọ Nàìjíríà wò káàkiri, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1997, ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà ni wọ́n bá àtọ̀gbẹ lára wọn. Ní 2018, Uloko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìwádìí orílẹ̀-èdè yìí jọ, ohun tí wọ́n rí jẹ́ ìdá 5.77, ti Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn wa níbí jẹ́ 5.5. Àjọ IDF tó ń rí sí àtọ̀gbẹ lágbàáyé ṣírò ní 2021 pé mílíọ̀nù 24 àgbà ló ní in ní ilẹ̀ Áfíríkà, àti pé ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ní in.

Báwo wá ni ọ̀rá ṣe kan ṣúgà? Gbogbo ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ ló yẹ kó mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí. Insulin tí ara ń ṣe kò wà fún ṣúgà nìkan. Òun náà ló ń pàṣẹ fún ọ̀rá tó wà ní ikùn, ìdí àti itan pé kó jókòó sí àyè rẹ̀. Nínú àtọ̀gbẹ irú kejì, insulin wà, àmọ́ ara kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu dáadáa mọ́. Nígbà tí ọ̀rá kò bá gba àṣẹ, yóò máa tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán tòru, ẹ̀dọ̀ ni yóò sì gbà á. Ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ń gba ṣúgà tó ṣẹ́ kù láti inú oúnjẹ, ó sì ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di ọ̀rá. Nígbà tí ẹrù bá kún ọwọ́ rẹ̀, á dì í, á tú u padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí láàbù ń kọ sórí ìwé àyẹ̀wò pé ó jẹ́ triglyceride nìyẹn.

Ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ọ̀rá yìí, bó bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, a máa bá àwọn ọ̀rá yòókù ṣe pàṣípààrọ̀ ẹrù. HDL, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní ọ̀rá rere, yóò gba triglyceride sára, ara yóò sì tètè kó o dànù. Ìdí nìyẹn tí HDL fi máa ń lọ sílẹ̀ lára alátọ̀gbẹ. LDL, tí wọ́n ń pè ní ọ̀rá búburú nítorí pé òun ló ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù lọ sára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, yóò di hóró kéékèèké tó ki pọ̀, tó sì rọrùn fún láti rá pálá wọ inú ògiri náà. Ó wá lè ṣẹlẹ̀ pé iye LDL tí láàbù kọ sílẹ̀ kò ga rárá, síbẹ̀ kí àwọn hóró tó gbé e pọ̀ ju ti ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ lọ. Ẹni tó bá ní kí alátọ̀gbẹ fọkàn balẹ̀ nítorí pé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù rẹ̀ kò ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ kò sọ gbogbo òtítọ́ fún un.

Ṣúgà tó ga fún ìgbà pípẹ́ tún ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Ẹ wo bí dòdò ṣe ń pọ́n nínú epo gbígbóná: ṣúgà inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń so mọ́ àwọn èròjà mìíràn inú rẹ̀ títí àwọ̀ fi yí padà. Nínú ara wa, irú ìsomọ́ra bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsí iná, fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Èyí tó so mọ́ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni àyẹ̀wò oṣù mẹ́ta, A1c, ń wọ̀n. Ṣúgà kan náà ń so mọ́ LDL pẹ̀lú. LDL tí ṣúgà ti so mọ́ kì í tètè rí ojú ọ̀nà wọ ẹ̀dọ̀ mọ́, kí ẹ̀dọ̀ lè kó o kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni Michael Brown àti Joseph Goldstein ṣàwárí, tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1985. Bó bá ti ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ni ààyè ń pọ̀ sí i fún un láti ba iṣan jẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá kó ṣúgà rẹ̀ níjàánu ń ṣe ọ̀rá rẹ̀ lóore: triglyceride máa ń wálẹ̀ kíákíá nígbà tí A1c bá wálẹ̀. Ṣùgbọ́n LDL kì í sábà tẹ̀ lé e. Ṣúgà lè dọ́gba rẹ́gí, kí LDL má yẹ̀ kúrò lójú kan. Ìdí tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ẹ̀rí wà, wọn kò sì kó o jọ lọ́jọ́ kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí tí wọ́n ń pè ní UKPDS bẹ̀rẹ̀ ní 1977. 5,102 èèyàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá àtọ̀gbẹ irú kejì lára wọn ni wọ́n gbà wọlé. Nígbà tí àbájáde jáde ní 1998, àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ ṣúgà wọn gírígírí bọ́ lọ́wọ́ àìsàn àwọn iṣan tíntìntín ojú àti kíndìnrín ju àwọn yòókù lọ, ìyàtọ̀ náà sì jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ti ìkọlù ọkàn, ìyàtọ̀ ìdá 16 ni wọ́n rí, àwọn olùwádìí kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe ṣe-kòńgẹ́. Ó di 2008, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá sí i, kí èrè ṣíṣọ́ ṣúgà tó hàn kedere lára ọkàn. Nínú àwọn èèyàn ìwádìí yìí kan náà, wọ́n to àwọn nǹkan tó ń sọ tẹ́lẹ̀ pé àrùn iṣan ọkàn ń bọ̀ bí wọ́n ṣe lágbára sí: LDL ló gba ipò kìíní, HDL ṣìkejì, A1c ṣìkẹta, ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá tẹ̀ lé e. Ohun tí a ń wọ̀n lójoojúmọ́ ní Ifẹ̀ ló wà ní ipò kẹta. Àwọn méjì tó ṣíwájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wa kò wọ̀n wọ́n rí.

Ní 2004, ìwádìí CARDS jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland. 2,838 alátọ̀gbẹ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 40 sí 75, tí àrùn ọkàn kò tíì bá jà, tí LDL wọn kò sì ga lọ títí, ni wọ́n pín sí méjì. Apá kan ń gba 10 miligíráàmù atorvastatin, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, lójúmọ́, apá kejì ń gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Èrè oògùn náà hàn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ìwádìí dúró ní bí ọdún méjì ṣáájú àkókò tí wọ́n dá: ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti irú wọn dín kù ní ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún.

Èyí tó wọ̀ wá lọ́kàn jù ni ti Denmark, Steno-2, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn 160 péré ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n tọ́jú ìdajì bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Fún ìdajì kejì, wọ́n dojú kọ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tún oúnjẹ wọn ṣe, wọ́n ní kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú sìgá. Bí ọdún mẹ́jọ ni ìtọ́jú yìí gbà. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 21, àwọn ti ìdajì kejì ti fi ọdún 7.9 pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ. Láàárín ọdún mẹ́jọ, ọmọ tó wà ní SS1 á ti gboyè jáde ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bàbá rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ tí yóò bá a ya fọ́tò.

Ẹlòmíì á ní òyìnbó ni wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ ká mú ti tiwa wá. Láti 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oṣúntókun, àti lẹ́yìn rẹ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì, bá Hugh Hendrie ti Indianapolis ṣe ìwádìí tó fi àwọn àgbàlagbà Yorùbá Ìbàdàn wé àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ni wọ́n ń wá, àmọ́ wọ́n wọn ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àwọn ará Ìbàdàn kéré sí ti àwọn ìbátan wọn lókè òkun, àtọ̀gbẹ pẹ̀lú kò sì pọ̀ láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀. Ìran kan náà ni, oúnjẹ àti ìgbòkègbodò ló yàtọ̀. Ohun tó dáàbò bo àwọn àgbà yẹn wà nínú àwo wọn àti nínú ẹsẹ̀ wọn, kì í ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ títí di alẹ́, tó ń gun ọ̀kadà láti Mayfair dé Enuwá, tó ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti oúnjẹ sísàlẹ̀, kò lè sọ pé ààbò náà ṣì bo òun.

Ohun méjì tún wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa tó yẹ kí àwọn dókítà fi sọ́kàn. Èkíní, Anne Sumner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, ti fi hàn pé triglyceride aláwọ̀ dúdú lè wà ní ìwọ̀nba nígbà tí ara rẹ̀ kò gbọ́ràn sí insulin lẹ́nu mọ́. Ohun tí òyìnbó fi ń mọ̀ pé ewu ti dé kì í sábà hàn lára wa. HDL tó lọ sílẹ̀ àti LDL ló yẹ ká tẹjú mọ́ jù. Èkejì ni ti àwọn tí jẹ́nótáìpù ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS, tí wọ́n tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2017 rí i pé A1c aláwọ̀ dúdú tó ní AS máa ń fi bí 0.3 rẹlẹ̀ sí ti ẹni tó ní AA nígbà tí ṣúgà àwọn méjèèjì jẹ́ bákan náà. Ìyẹn ni pé ìwé àyẹ̀wò lè máa yin èèyàn nígbà tí ṣúgà rẹ̀ kò yẹ ní yínyìn. Bí nọ́ńbà ṣúgà fúnra rẹ̀ bá lè ṣini lọ́nà báyìí, àṣìṣe ńlá ni láti fi òun nìkan ṣe atọ́nà.

Ní ti oúnjẹ, a fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí pé ìmọ̀ràn òfuurufú ti pọ̀ jù. Epo pupa kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù. Kò sí epo igi tàbí epo ewéko kankan tó ní in. Ike òróró tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni fi yẹ kó dá a mọ̀ yàtọ̀. Ohun tó yẹ ní bíbéèrè ni irú ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀. Bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa jẹ́ irú tó ń dín iye ojú ọ̀nà tí ẹ̀dọ̀ fi ń gba LDL kù; ti òróró ẹ̀pà kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. A kò ní kí ará Ifẹ̀ má fi epo pupa se ọbẹ̀ mọ́. Kí ó dín in kù ni, kí epo má máa léfòó lórí ọbẹ̀. Ẹ̀wà àti ewébẹ̀ ń fa ọ̀rá díẹ̀ jáde bá ìgbẹ́ lọ. Iyán tó ga bí òkìtì àti ọtí líle ń sọ ẹ̀dọ̀ di ibi tí ọ̀rá ti ń jáde.

Oúnjẹ àti rírìn nìkan kì í sì í sábà tó fún LDL ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ tó sì ti kọjá ogójì ọdún. Statin, ẹbí oògùn tí atorvastatin wà nínú rẹ̀, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ará Japan tó ń jẹ́ Akira Endo ló sì kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ lára èébu ní àwọn ọdún 1970s. A mọ ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri nípa rẹ̀. Wọ́n ní ó ń fa àtọ̀gbẹ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, a ò sì ní fi pamọ́: ìṣirò tí Sattar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2010 rí i pé bí èèyàn 255 bá lo statin fún ọdún mẹ́rin, ẹnì kan nínú wọn lè ní àtọ̀gbẹ tí kì bá tí ní. Fún ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀, ṣúgà lè gòkè díẹ̀, díẹ̀ tí àtúnṣe oògùn ṣúgà lè bójú tó. Ẹ gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdá 37 ti CARDS. Ẹni tí iṣan ara bá ń dùn lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn náà kó lọ sọ fún dókítà. Kó má kàn jáwọ́ lójijì. Obìnrin tó lóyún tàbí tó ń wá oyún kó jẹ́ kí dókítà rẹ̀ mọ̀.

Ní ti àgbo, ìlú tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ewé àti egbò, tí ìwé rẹ̀ lórí ewéko ìwòsàn ilẹ̀ Áfíríkà sì jáde ní 1982, kò lè kẹ́gàn ewé. Àwọn onímọ̀ ewé gan-an ni yóò sọ pé kíkorò ewúro kò sọ ọ́ di oògùn tó ń fọ iṣan mọ́. Kò tíì sí àgbo kankan tí ìwádìí fi hàn pé ó lè rọ́pò statin lára alátọ̀gbẹ. Ẹni tó bá ń mu ún kó sọ fún dókítà rẹ̀, kí dókítà náà má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá kù, a kò sì lè fò ó. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní Okudù 2023 ni oògùn ti ń gbówó lórí. Ní ọdún yẹn kan náà ni Sanofi, ilé iṣẹ́ tó ń ta oògùn ṣúgà Daonil, sọ pé òun yóò gbé títa oògùn òun ní Nàìjíríà lé alágbàtà lọ́wọ́. Ẹni tó jẹ́ pé agbára káká ló fi ń ra oògùn ṣúgà, báwo la ṣe fẹ́ kó fi ti ọ̀rá kún un? Ìdáhùn wa ni pé atorvastatin ti di oògùn tí ilé iṣẹ́ èyíkéyìí lè ṣe láti ìgbà tí ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ti tán ní Amẹ́ríkà ní 2011. Oògùn tí ìjọba lè rà lápapọ̀ ní owó pọ́ọ́kú ni. Òfin àjọ ìbánigbófò ìlera, NHIA, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní Èbìbí 2022 sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ó yẹ kí ètò ìbánigbófò ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọ ọ́ ní kedere pé ẹnikẹ́ni tó bá ní àtọ̀gbẹ ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò ọ̀rá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán, àti sí statin nígbà tó bá pé ogójì ọdún, ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ ọn.

Àyẹ̀wò náà kò tilẹ̀ ní láti wọ́n. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àpapọ̀ àti HDL nìkan ti tó láti bẹ̀rẹ̀: ẹ yọ ti HDL kúrò nínú àpapọ̀, ohun tó bá kù ni gbogbo ọ̀rá tó lè ba iṣan jẹ́. Èèyàn kò ní láti gbààwẹ̀ fún èyí. Ẹni tó wá láti oko tó ti jẹun kó tó wọkọ̀ lè ṣe é lọ́jọ́ yẹn gan-an, kò sí pé kó lọ kó tún padà wá. Òfin ìṣúná 2021 gbé owó-orí náírà mẹ́wàá kalẹ̀ lórí lítà kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ibo ni a fẹ́ ná an sí tó ju èyí lọ?

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti fi òǹtẹ̀ sí i. Nínú àfojúsùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí ní Geneva ní 2022, kí ó tó di 2030, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ti mọ̀ pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ ní ṣúgà tó wà ní ìkáwọ́, ìdá 80 gbọ́dọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà ní ìkáwọ́, ìdá 60 nínú àwọn tó ti pé ogójì ọdún sì gbọ́dọ̀ máa rí statin gbà. Nàìjíríà wà níbẹ̀. A rọ ìjọba Ọ̀ṣun àti àwọn alákòóso OAUTHC, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, láti sọ fún àwọn ará ìlú iye tí a wà báyìí lórí ìdá 60 yẹn.

A ní àbá kan tí a fẹ́ kí wọ́n gbé yẹ̀ wò, kò sì jìnnà sílé. Ní 1956, dókítà àwọn ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń kú nígbà náà lọ́wọ́ èéyi àti àìrí oúnjẹ gidi jẹ. Morley dá kílíníìkì sílẹ̀ fún àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àwọn nọ́ọ̀sì ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀. Ó ṣe káàdì kan tí wọ́n fa ìlà sí, tí wọ́n ń fi àmì ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù. Ìyá ọmọ ló ń tọ́jú káàdì náà sílé, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ìyá tí kò mọ̀wé kà rí i fúnra rẹ̀ bí ìlà ọmọ òun ṣe ń gòkè, tàbí bó ṣe ń yẹ̀ sílẹ̀, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kóun sáré. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni káàdì yẹn ti tàn ká gbogbo ayé.

Wesley Guild wà lábẹ́ OAUTHC lónìí. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé Ìmẹ̀sí-Ilé náà wà lábẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èyí tó wà ní Ẹléyẹlé ní Ilé-Ifẹ̀. Ilé ìwòsàn tó ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ní láti ra ọgbọ́n káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n ṣe káàdì fún alátọ̀gbẹ kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa gbé e lọ sílé: ààyè fún ṣúgà, ààyè fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ààyè fún ọ̀rá, àti ibi tí dókítà yóò ti kọ ọ́ pé òun ti bá a sọ̀rọ̀ nípa statin. Kí àwọ̀ fi hàn ibi tó dára àti ibi tó léwu, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè rí i. Nígbà tí ààyè ọ̀rá bá ṣófo fún ọdún kan, aláìsàn fúnra rẹ̀ yóò béèrè, ọmọ rẹ̀ yóò béèrè, nọ́ọ̀sì tó gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò rí i. Ẹléyẹlé ló yẹ kó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àárín ìlú ló wà.

Àwọn ètò àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tí ìjọba, ìjọ, mọ́sáláásí àti àwọn ẹgbẹ́ ń ṣe náà gbọ́dọ̀ yí padà. Ìṣesí wọn ni pé kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n gún ìka wo ṣúgà, kí wọ́n sì ní kí èèyàn máa lọ. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ bá ti ga lójú ibẹ̀, kí wọ́n kọ ìwé lé e lọ́wọ́ pé kó lọ wọn ọ̀rá rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ibi tí yóò lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ ní àtọ̀gbẹ tí ẹ sì ti pé ogójì ọdún, nígbà mìíràn tí ẹ bá lọ sí kílíníìkì, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: iye LDL yín, iye HDL yín, àti bóyá statin tọ́ sí yín. ADA, ẹgbẹ́ tó ń rí sí àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà, fẹ́ kí LDL alátọ̀gbẹ tí ewu rẹ̀ pọ̀ wà lábẹ́ 70 mg/dL, ìyẹn 1.8 mmol/L, ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ̀yin ọmọ tó wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, tí ẹ ń fi owó oògùn ṣúgà ránṣẹ́ sí ìyá tàbí bàbá yín ní Ifẹ̀, ẹ fi owó àyẹ̀wò ọ̀rá kún ti oṣù yìí, kí ẹ sì ní kí wọ́n ya fọ́tò èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.